Omi Ń Wọlé, Níbo L'Ó Ń Gbà Jáde?

Ẹ̀yin ará wa ní Ara, ní Awo, ní Ẹdẹ àti ní gbogbo abúlé t'ó yí wa ká, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin bàbá àgbẹ̀, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ t'ó ń wá iṣẹ́, ẹ fún wa l'étí. Ọ̀rọ̀ t'a fẹ́ sọ l'ónìí ń rùn. Àwọn kan yóò tilẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ t'ó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣèlú máa kọ sínú ìwé. Àwa ní òun gan-an l'ó yẹ, nítorí pé òun l'ó ń pa ọmọ wa.

Nígbà t'a ń káàkiri láti ilé dé ilé l'ásìkò òjò t'ó kọjá, ìyá àgbà kan pè mí wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó fa omi kànga rẹ̀ s'ókè, ó dà á sínú abọ́ funfun, ó ní, "Ọmọ mi, gbọ́ òórùn ẹ̀ wò." Mo gbọ́ ọ. N kò ní sọ fún yín bí ó ti rí, kí oúnjẹ má baà kọ̀ l'ẹ́nu yín. Bẹ́ẹ̀ ni kànga náà jìn, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì gbé ẹnu rẹ̀ s'ókè, wọ́n sì dé e. Ṣùgbọ́n ilé tuntun kan ti dé sí apá òkè, kòtò ìdọ̀tí ilé náà kò sì ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí kànga ìyá yìí. Bí òjò ńlá bá ti rọ̀, kòtò a kún, omi rẹ̀ a gba abẹ́ ilẹ̀ lọ bá omi kànga. Ìyá yìí wá bi mí ní ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé ìwé yìí: "Ẹ̀yin olóṣèlú ń sọ pé ẹ ó gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ fún wa. Omi t'ẹ́ ẹ fẹ́ gbé wá yẹn, níbo l'ẹ fẹ́ kó gbà jáde?"

Ẹ jẹ́ k'á dá ìyá yìí l'óhùn.

KÀNGA-DẸ̀RỌ, KÀNGA-DẸ̀RỌ!

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ìdìbò wo l'ẹ rántí tí wọn kò fi kànga-dẹ̀rọ tọrọ ìbò? Wọn a gbẹ́ ẹ, wọn a gbé táńkì dúdú lé orí irin, wọn a kọ orúkọ ẹni t'ó gbẹ́ ẹ sí i l'ára gàdàgbà, wọn a pe onílù àti oníkámẹ́rà. Kó tó di ìdìbò mìíràn, ewúrẹ́ ti ń sùn l'ábẹ́ táńkì, kò sí omi mọ́.

A kò sọ pé kànga-dẹ̀rọ kò dára o. Ta ni yóò sọ pé omi kò dára? Ohun t'a ń sọ ni pé iṣẹ́ ààbọ̀ ni. Àwọn ẹnjiníà t'ó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣírò rẹ̀ pé bí garawa omi 10 bá wọ ilé, nǹkan bí 8 ni yóò padà jáde ní ìdọ̀tí: omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ìfọwọ́, omi ilé ìyàgbẹ́. Ìjọba t'ó bá gbé garawa 10 fún yín tí kò ronú ibi tí garawa 8 yóò gbà jáde, ó kan ń kó ìdọ̀tí wọlé fún yín ni, ó sì ń pè é ní oore.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ènìyàn kò pọ̀, oko wà l'ẹ́yìn ilé, ààtàn jìnnà, omi tí ìdílé kan ń lò l'óòjọ́ kò ju ìkòkò díẹ̀ lọ. Ilẹ̀ a mu ún, oòrùn a gbẹ ìyókù. L'Ékòó níbi tí èrò ti pọ̀, àwọn agbépóò l'ó ń ru garawa ìgbẹ́ l'óru, tí ọmọdé ń sá fún wọn. Ayé ìgbà yẹn ti lọ. Nísinsìnyí, gbogbo ilé tuntun l'ó ní ilé ìyàgbẹ́ olómi. Ẹ tẹ̀ ẹ́, omi ṣàn wàá, ojú yín kò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú kò rí kò tíì kúrò l'áyé.

Ẹ wo Ẹdẹ. Láti 2011 wá, Yunifásítì Adeleke ti bẹ̀rẹ̀, Yunifásítì Redeemer's ti kó dé, Pólí ìjọba àpapọ̀ náà ti dé. Inú wa dùn sí i. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ ń hù bí olú, àwọn onílẹ̀ ń ta ilẹ̀ bọ̀ wá sí ọ̀nà Ara. Ẹ bá mi ṣírò kiní kan. Pílọ́ọ̀tì tí wọ́n sábà ń tà fún wa, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìbú, 100 ní gígùn. Ìmọ̀ràn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń fún wa láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí kòtò ìdọ̀tí jìnnà sí kànga tó mítà 30. Mítà 30 yẹn, ẹsẹ̀ bàtà 98 ni! Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá gbẹ́ kànga sí ìpẹ̀kun kan pílọ́ọ̀tì yín, tí ẹ sì gbẹ́ kòtò sí ìpẹ̀kun kejì, agbára káká l'ẹ fi bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni t'ó wà l'ẹ́yìn yín ńkọ́? Ẹni t'ó wà l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ńkọ́? Kòtò tirẹ̀ wà l'étí kànga tiyín. Kò sí bí onílé kan ṣe lè dá ọ̀rọ̀ yìí yanjú nínú ọgbà tirẹ̀. Ohun tí ẹnì kan kò lè dá ṣe, tí gbogbo ìlú sì nílò, ìyẹn gan-an ni a fi ń yan ìjọba.

Àrùn onígbáméjì wọ Nàìjíríà ní ọdún 1970. Títí di òní, kò tíì fi wá sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 2024, Èkó tí wọ́n ń pè ní ìlú olówó, onígbáméjì tún ṣẹ́ yọ níbẹ̀, ó pa ènìyàn. Onígbáméjì kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, ìgbẹ́ l'ó ń bá omi wọ ẹnu. Ibà táífọ́ọ̀dù t'ẹ ń fi owó ọjà yín ra oògùn rẹ̀, ọ̀nà kan náà l'ó ń gbà.

Ẹ WO ÈKÓ, Ẹ KỌ́ Ọgbọ́N

Ọ̀nà tí àwọn ìlú ńlá ń gbà tọ́jú ìdọ̀tí kò le láti yé ènìyàn. Páìpù kan gba iwájú gbogbo ilé, ìdọ̀tí a sì máa ṣàn nínú rẹ̀ lọ sí ibi t'ó rẹlẹ̀ jù. Omi kì í gun òkè fúnra rẹ̀, nítorí náà wọ́n á gbẹ́ kànga gbàǹgbà kan sí ibi t'ó rẹlẹ̀ yẹn, wọ́n á gbé ẹ̀rọ afami sínú rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá ti ga dé ìwọ̀n kan, ohun kan t'ó léfòó bí igbá yóò tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ti ìdọ̀tí gun òkè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di omi tí kò lè pa ènìyàn mọ́. B'ó bá ti wálẹ̀, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ni ọkàn ara. B'ó bá dákẹ́, gbogbo ìdọ̀tí àdúgbò yóò padà sí ẹnu ọ̀nà ẹni t'ó da a sílẹ̀.

Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ ṣe àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní 1977, ìjọba ológun kọ́ FESTAC Town l'Ékòó. Wọ́n ri páìpù ìdọ̀tí àjùmọ̀lò sí i, bíi ti ìlú òyìnbó. Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande ṣe gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ó kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún mẹ̀kúnnù, ó sì rí i dájú pé irú àwọn ẹsítéètì bí Abẹ́sàn àti Òkè-Àfà ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìdọ̀tí. Ẹni t'ó bá ṣe dáadáa, k'á wí i. Ọkùnrin yẹn ronú kan mẹ̀kúnnù dé ilé ìyàgbẹ́.

Ṣùgbọ́n kí l'ó ṣẹlẹ̀ l'ẹ́yìn rẹ̀? Ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdílé kan di ti ìdílé mẹ́ta. Wọ́n fi yàrá kún yàrá, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí iwájú, ṣùgbọ́n páìpù tí àtijọ́ l'ó wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí àtijọ́ l'ó wà níbẹ̀. Kò sí owó àtúnṣe nínú ètò ìṣúná. Ní FESTAC, ìdọ̀tí bẹ̀rẹ̀ sí í tú s'ójú títì, àwọn onílé sì ń gbẹ́ kòtò sínú ọgbà ara wọn bí ẹni t'ó ń gbé l'ábúlé. Nígbà tí ìjọba Èkó fi máa dá ọ́fíìsì pàtàkì sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí ní nǹkan bí 2010, púpọ̀ nínú àwọn ibi ìtọ́jú ìdọ̀tí yìí ti dákẹ́ tàbí kí wọ́n máa wọ́ ẹsẹ̀. Ìlú t'ó ní ènìyàn tó ilẹ̀ òkèèrè kan, síbẹ̀ inú kòtò onílé ni púpọ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ ń lọ, láti ibẹ̀ ó ń bọ́ sínú gọ́tà, láti inú gọ́tà ó ń bọ́ sínú ọ̀sà.

Ẹ̀kọ́ wo l'a rí kọ́? Rírà kọ́ ni iṣẹ́. Ẹni t'ó ra ẹ̀rọ tí kò ra àtúnṣe rẹ̀, òkú irin l'ó rà.

ÒJÒ KÒ NÍ DÚRÓ DE ÌJỌBA

Àgbà ní, àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ẹ jẹ́ k'á rántí àgbàrá.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, nígbà tí àwa àti Ìbàdàn ṣì wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, odò Ògùnpa kún àkúnya. Ènìyàn t'ó kú ju 200 lọ. Omi gbé ọkọ̀, ó gbé ilé, ó gbé ọmọ l'ẹ́yìn ìyá. Wọ́n ti da ààtàn dí odò, wọ́n ti kọ́lé sí etí rẹ̀, omi kò rí ọ̀nà lọ. Gbogbo ènìyàn sọkún, ìjọba ṣèlérí. Ọdún 31 kọjá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, òjò rọ̀ n'Íbàdàn fún wákàtí díẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó lé ní mìlímítà 187. Ó tún pa ènìyàn t'ó lé ní 100. Oṣù kan náà, ìlú kan náà, ẹkún kan náà! L'ẹ́yìn èyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yá 200 mílíọ̀nù dọ́là l'ọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé ní 2014. Owó t'ó yẹ kí wọ́n fi gbá odò n'ígbà t'ó kéré, àwa àti àwọn ọmọ wa l'a máa san án padà pẹ̀lú èlé.

Ní 2022, omíyalé pa ènìyàn t'ó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, ó lé ènìyàn t'ó ju mílíọ̀nù 1 lọ kúrò n'ílé. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ sì ti là á yé wa: ayé ń gbóná sí i, òfúrufú t'ó bá gbóná a máa gbé omi púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ooru bá fi ìwọ̀n dígíríì 1 lé, omi tí òfúrufú lè gbé a fi bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Nígbà t'ó bá wá dà á sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ẹ̀yin àgbẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún yín. Ẹ ti rí i pé òjò ń pẹ́ kó tó dé, b'ó bá sì dé, ó ń dé bí ẹni t'ó bínú.

Ẹ fi òjò yìí wé ẹ̀rọ ìdọ̀tí t'a sọ l'ẹ́ẹ̀kan. Bí òjò bá rọ̀, omi a gba ihò páìpù t'ó sán wọlé, a gba ojú ihò tí olè ti jí ìdérí irin rẹ̀ gbé wọlé, àwọn onílé mìíràn a tún darí omi òrùlé wọn sínú rẹ̀. Ìdọ̀tí t'ó wọ kànga ẹ̀rọ l'ánàá a di ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po mẹ́rin. Àkókò yẹn gan-an ni ẹ̀rọ nílò agbára jù. Kí sì ni Nẹ́pà ń ṣe bí ìjì bá ti fẹ́ yẹ́rẹ́? Ilé iṣẹ́ mànàmáná ti yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n kò yí ìwà padà. Ìjì fẹ́, iná lọ! Wákàtí tí ìlú nílò ẹ̀rọ jù ni wákàtí tí ẹ̀rọ kò ní iná. B'ó bá tún wá jẹ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé àpótí iná ẹ̀rọ náà sí, omi á bò ó, ó di pé kí wọ́n ra òmíràn.

Ìdí nìyí t'a fi ń sọ pé títún irú ibùdó ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe kì í ṣe kíkun ara ògiri l'ọ́dà kí gómìnà wá gé ríbọ́ọ̀nù. Títún un ṣe ni pé kí ẹ̀rọ má jẹ́ ẹyọ kan: kí méjì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ̀kẹta máa sinmi dè wọ́n. Kí jẹnẹrétọ̀ àti àpótí iná wà l'ókè ibi tí omíyalé t'ó ga jù dé rí. Kí irin asẹ́ wà l'ẹ́nu ọ̀nà tí yóò máa gba àkísà àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, nítorí ọ̀rá l'ó ń fún ẹ̀rọ l'ọ́rùn pa. Kí ọ̀nà omi òjò yàtọ̀ sí ọ̀nà ìdọ̀tí. Kí wọ́n ṣírò iye ènìyàn tí yóò wà ní ìlú ní ogún ọdún sí i, kì í ṣe iye t'ó wà níbẹ̀ l'ọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé agbaṣẹ́ṣe. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ MÁ JẸ́ KÍ WỌ́N FI ÒYÌNBÓ TÀN YÍN

Àwọn kan ń sọ pé òyìnbó nìkan l'ó lè ṣe irú nǹkan báyìí. Irọ́ ni! Ní 1858, odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù rùn débi pé àwọn aṣòfin kò lè jókòó nínú ilé ìgbìmọ̀ wọn. Onígbáméjì ti ń pa àwọn ènìyàn wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fún ọdún púpọ̀ ṣáájú, wọn kò ṣe nǹkan gidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí òórùn dé imú àwọn ọlọ́lá, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ òfin jáde, owó jáde! Ẹnjiníà wọn, Joseph Bazalgette, ri páìpù gbọ̀ọ̀rọ̀-gbọọrọ sí abẹ́ ìlú, ó sì kọ́ ibùdó ẹ̀rọ afàdọ̀tí sí Crossness ní 1865 àti sí Abbey Mills ní 1868. Ní 1866, onígbáméjì tún jà ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n apá ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí iṣẹ́ náà kò tíì parí dé, l'ó ti pa ènìyàn jù.

Ẹ gbọ́ ohun t'ó kù. Iṣẹ́ yẹn dára, síbẹ̀ ènìyàn pọ̀ jù ú lọ, òjò sì ń mú kí ìdọ̀tí tú sínú odò. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n tún gbẹ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ mìíràn, gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 25, wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán ní 2025. Àwọn ọmọ wa t'ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù wà l'ára àwọn t'ó ń san án nínú owó omi wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń san owó lé l'órí, wọ́n sì ń rí i.

Nítorí náà, kì í ṣe àwọ̀ ara l'ó ń tún ìlú ṣe. Ìgbà tí òórùn bá dé imú aláṣẹ ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn aláṣẹ tiwa ti kọ́ ilé wọn sí ibi tí òórùn kò lè dé. Ìbò nìkan l'ó kù tí a lè fi gbé e dé imú wọn.

"KÒ S'ÓWÓ"

Bí ẹ bá bi wọ́n l'éèrè, ohun tí wọn yóò sọ ni pé kò s'ówó. Ẹ jẹ́ k'á wo ìwé owó.

Ní oṣù Kọkànlá 2018, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì l'órí ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó. Ní oṣù Kọkànlá 2019, Ààrẹ fi ọwọ́ sí àṣẹ kan pé nígbà t'ó bá máa di 2025, kò gbọdọ̀ sí ẹni t'ó ń ṣu sí ìta mọ́ ní Nàìjíríà. 2025 ti dé, ó ti lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ọjà, ẹ wo ẹ̀yìn ilé ìwé, kí ẹ sọ fún mi bóyá àṣẹ ṣẹ. Ìwé l'ó gba àṣẹ, ìgbẹ́ kò gbọ́.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, ilé ẹjọ́ t'ó ga jù ní Nàìjíríà dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. A jó, a yọ̀. A ní Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́ yóò rí owó ṣe gọ́tà, Ẹdẹ yóò rí owó kó ìdọ̀tí. Kí l'ó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀ṣun ní 2025? Ẹgbẹ́ ńlá méjì ń jà l'órí ẹni t'ó jẹ́ alága káńsù tòótọ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn káńsù, òṣìṣẹ́ jókòó s'ílé fún oṣù púpọ̀, owó tiwa há sí Àbújá. Òjò kò há sí Àbújá o! Òjò rọ̀, gọ́tà dí, kòtò kún. Bí erin méjì bá ń jà, koríko l'ó ń fara gbọgbẹ́. Ẹ̀yin ará Ara, ẹ̀yin ni koríko.

Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jókòó lé àga l'ó ká wọn l'ára, kì í ṣe ibi tí ìdọ̀tí yín ń lọ.

Ẹ sì má rò pé ọ̀rọ̀ ilé yín nìkan ni. Ìdọ̀tí tí òjò bá gbá l'Óṣogbo àti l'Ẹ́dẹ, odò Ọ̀ṣun l'ó ń wọ̀. Odò Erinlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ omi Ẹdẹ ti ń fa omi, inú odò Ọ̀ṣun náà l'ó ń já sí. Odò Ọ̀ṣun yẹn kan náà l'ó ṣàn lọ sí ìsédò Asẹjirẹ, níbi tí wọ́n ti ń fa omi fún Ìbàdàn. Ohun t'a bá dà s'ílẹ̀ n'íhìn-ín, àbúrò wa n'Íbàdàn l'ó ń bá a pàdé. Gbogbo wa l'ó ń mu ẹ̀yìn ara wa. Ìjọba t'ó bá ní ìtìjú kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rí báyìí fún ọdún kan.

OHUN TÍ ÀWA Ń SỌ

Alátakò kan bi wá l'ọ́jà Awo pé, "Ṣé ẹ̀rọ ìdọ̀tí ti Lọ́ńdọ̀nù l'ẹ fẹ́ gbé wá sí Ara?" Ó rò pé òun ti mú wa. Rárá o! A kì í ṣe ẹgbẹ́ onírọ́. Ara kò tíì nílò ibùdó ẹ̀rọ afàdọ̀tí, ẹni t'ó bá ṣèlérí rẹ̀ fún yín l'ónìí fẹ́ jẹ owó agbaṣẹ́ṣe ni. Ilẹ̀ wa ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tirẹ̀, omi mọ ọ̀nà bí a kò bá dí i. Ṣùgbọ́n Òṣogbo àti Ẹdẹ ti ń dàgbà dé ibi tí wọn yóò nílò rẹ̀, Ara sì ń tẹ̀lé wọn l'ẹ́yìn. Ẹni t'ó bá da omi s'íwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nítorí náà, ohun t'a fẹ́ nìyí, a kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè fi mú wa:

1. Ní Ara àti àwọn ìlú bíi tirẹ̀: gọ́tà tí a fi kọnkéré ṣe, t'ó bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ lọ, t'ó já sí ibi gidi, kì í ṣe èyí t'ó parí sí ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Kí káńsù máa kó o kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, l'ọ́dọọdún.

2. Ilé ìyàgbẹ́ t'ó ní omi, tí obìnrin lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú, ní gbogbo ọjà àti gbogbo ilé ìwé. Kí owó ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́ wà nínú ètò ìṣúná káńsù.

3. Ibi kan pàtó ní agbègbè Ẹdẹ tí àwọn táńkà t'ó ń fa kòtò ìdọ̀tí yóò máa da ẹrù wọn sí, tí wọn yóò sì ti máa tọ́jú rẹ̀. Kí ẹni t'ó bá dà á sínú igbó tàbí odò fojú ba kóòtù.

4. Kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ sí pílánù ilé kan mọ́ láìwo ibi tí kànga àti kòtò aládùúgbò wà. Kí òṣìṣẹ́ wolé-wolé padà sí ẹnu iṣẹ́, kì í ṣe láti gba ẹ̀gúnjẹ, bí kò ṣe láti kọ́ ènìyàn.

5. Ní Ẹdẹ àti Òṣogbo: kí wọ́n ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ nísinsìnyí, ní ibi t'ó rẹlẹ̀, fún páìpù àti ibùdó ẹ̀rọ, kí wọ́n tó tà á tán fún olówó. Ilẹ̀ tí a kò bá yà sọ́tọ̀ l'ónìí, ilé ni a óò wó l'ọ́la kí a tó rí i.

6. Ẹ̀rọ yòówù tí wọ́n bá rà, ìbáà ṣe ti omi mímu, ìbáà ṣe ti ìdọ̀tí: kí owó iná, owó epo, owó àtúnṣe ọdún 10 wà nínú ìwé kan náà pẹ̀lú owó tí wọ́n fi rà á. Kí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ara ògiri káńsù kí gbogbo ènìyàn rí i.

Ẹgbẹ́ wa kò tíì jókòó sí àga gómìnà ní Ọ̀ṣun rí, nítorí náà a kò lè ṣe fáàrí ohun t'a ti ṣe. Àwọn t'ó ti jókòó síbẹ̀ ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n fi tiwọn hàn yín.

ẸNI T'Ó BÁ WÁ TỌRỌ ÌBÒ

Wọn yóò wá. Wọn yóò gbé ìrẹsì wá, wọn yóò gbé àǹkárá wá, wọn yóò jẹ bọ̀ọ̀lì l'ẹ́bàá ọ̀nà kí ẹ lè rí i pé ènìyàn bíi tiyín ni wọ́n. Ẹ má bá wọn jà. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni. Ẹ mú wọn lọ s'ẹ́yìnkùlé yín, ẹ fa omi kànga yín s'ókè, ẹ dà á sínú abọ́ funfun. Ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀." L'ẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta péré: Omi t'ẹ fẹ́ gbé wá, níbo ni yóò gbà jáde? Ẹ̀rọ t'ẹ fẹ́ rà, ta ni yóò máa tún un ṣe, owó wo ni wọn yóò sì fi tún un ṣe? Ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀ tí iná lọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?

Ẹni t'ó bá dáhùn dáadáa, bí kò tilẹ̀ ṣe ara ẹgbẹ́ wa, ẹ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹni t'ó bá rẹ́rìn-ín, t'ó ní "Màmá, ẹ má ṣèyọnu, a máa gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ," ẹ̀yin náà ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì fi ìka yín dá a l'óhùn l'ọ́jọ́ ìdìbò.

Ẹ lọ gba káàdì ìdìbò yín. Ẹni t'ó ti gbà á, kó tọ́jú rẹ̀, kó má tà á. Owó tí wọ́n bá fún yín l'ọ́jọ́ ìdìbò kò tó ra oògùn táífọ́ọ̀dù ọmọ kan. Ẹ jí l'óòwúrọ̀, ẹ dìbò, ẹ dúró kí wọ́n kà á l'ójú yín.

Ìyá t'ó fi omi hàn mí yẹn ṣì ń fa kànga kan náà. Òjò mìíràn ń bọ̀.